Ìbọn Tí Mo Lọ Bá Ọmọ Mi Yàn ní Tẹ́sáàsì

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, kò sí ẹni tó pàdé mi ní Ọjà Ọba tí kì í béèrè yìnyín. Ṣé yìnyín bọ́? Ṣé mo fọwọ́ kàn án? Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará ilé, ibi tí mo lọ kò ní yìnyín kankan. Oòrùn wọn mú ju ti Òṣogbo lọ. Ìbọn ni mo lọ yàn. Bí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń bú sí, wọ́n á ní Ìyá Síkírá ti tún gbé tirẹ̀ dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí n fi ẹnu sinmi.

Ìbòkun ni wọ́n bí mi sí, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní agboolé alágbẹ̀dẹ. Baba mi ló ń rọ ìbọn fún àwọn ọdẹ agbègbè wa, èmi àkọ́bí rẹ̀ ni mò ń fẹ́ ẹwìrì fún un títí mo fi wọ girama. Òṣogbo ni mo wá lọ́kọ sí, ilé Mùsùlùmí, mo sì ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọkọ mi ti dolóògbé. Síkírá ni àbíkẹ́yìn wa. Nọ́ọ̀sì ni, òun nìkan ló sì ń gbé inú ilé kan ní Tẹ́sáàsì, ní Amẹ́ríkà.

Olè fọ́ ilé yẹn lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Síkírá wà níbi iṣẹ́. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n, wọ́n kó wúrà tí mo fún un. Ìyẹn ò dùn mí tó oorun ọmọ mi tí wọ́n bá a gbé lọ. Láti ìgbà náà, bó bá fojú kan oorun, á ta gìrì. Ọjọ́ kan ló pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Màmi, mo fẹ́ ra ìbọn. Ẹ wá bá mi yàn án. Nínú gbogbo èèyàn tí mo mọ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ nípa ìbọn."

Mo ní mo gbọ́, mo ní mò ń bọ̀. Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé mò ń lọ dá a dúró ni. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ìyẹn ẹni tí kò mú nǹkan kan lọ́wọ́ o. Bí ẹ bá wá fi ìbọn lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ńkọ́? Kò ní sá mọ́, yóò yìn ín ni, ekòló ọ̀hún sì lè jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀rù tó ń bà mí nìyẹn, ó sì bà mí gan-an.

Mo kọ́kọ́ lọ sí Ìbòkun lọ sọ fún àbúrò mi ọkùnrin tó jogún àgbẹ̀dẹ. Ìjẹ̀ṣà pọ́nńbélé ni, "ulé" ló ṣì ń pe ilé títí di òní. Ó ta omi sílẹ̀ níwájú Ògún, ó ní kí Ògún má fi ẹ̀jẹ̀ wa wẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ ṣe é bí Baba ṣe ń ṣe é. Ẹ wo ọwọ́ kẹ́ ẹ tó wo ìbọn." Mo ní ó ṣeun. Òun ló rán mi létí ohun tí mo fẹ́ lò.

Ilé tí ẹnìkan kì í jáde

Ti ọkọ̀ òfúrufú, ẹ jẹ́ ká fò ó. Mo jókòó títí ìdí mi fi kú, mo sì dé. Obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ ìjọba ló béèrè lọ́wọ́ mi ní pápákọ̀ pé kí ni mo wá ṣe. Ẹ ò mọ̀ pé ó kù díẹ̀ kí n sọ òótọ́! Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti dé etí ètè mi. Mo gbé e mì, mo ní mo wá wo ọmọ mi.

Síkírá ti rù. Mo dì mọ́ ọn, mo fọwọ́ kan eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan nítorí pé òun náà ń wò mí bóyá màá sọ ọ́.

Ọ̀nà wọn fẹ̀, ó mọ́, ó sì dákẹ́. A wọ àdúgbò rẹ̀, koríko iwájú ilé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gé mọ́lẹ̀ dáadáa, àmọ́ mi ò rí ẹ̀dá kan. Kò sí ẹni tó jókòó síta, kò sí adìyẹ, kò sí ẹni tó ń pe ẹnìkan. Mo ní ṣé wọ́n ń ṣe orò ni? Síkírá rẹ́rìn-ín, ó ní bí wọ́n ṣe máa ń wà nìyẹn. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni kọ́tìnì ojú fèrèsé ilé tó tẹ̀ lé tiwa mì díẹ̀.

"Ta ló ń gbé ibẹ̀ yẹn?"

"Ìyá òyìnbó kan ni, Màmi."

"Kí lorúkọ wọn?"

"Mi ò mọ̀."

"Ọdún mélòó lo ti wà níbí?"

"Mẹ́ta."

Mo ní họ́wù! Ọdún mẹ́ta! Ní Òṣogbo, láàárín ọdún mẹ́ta, èmi àti ìyá yẹn á ti jà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ti parí ẹ̀ fún wa, a ó sì ti jọ sin òkú méjì mẹ́ta. Síkírá ní, "Màmi, ibí kọ́ ni Òṣogbo." Ó sọ ọ́ títí tó fi sú mi.

Oúnjẹ wọn, gbogbo rẹ̀ ló ń dùn bíi ti ọmọdé. Búrẹ́dì dùn, ata dùn, wọ́n tún fi ṣúgà se ẹ̀wà. Ẹ̀wà o! Wọ́n gbé tíì wá fún mi nílé oúnjẹ kan, mo fọwọ́ kan ife, ó tutù rekete. Yìnyín tí ẹ ń béèrè, inú tíì ni mo ti rí i. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n má ya aláìmoore: ẹran kan wà tí wọ́n máa ń fi èéfín yan láti àárọ̀ títí di ọjọ́ kejì. Mo jẹ ìyẹn, mo rántí ẹran ìgbẹ́ tí àwọn ọdẹ máa ń gbé wá fún baba mi, mo sì ní kí wọ́n tún bù sí i.

Nínú ilé, bí ṣíbí bá já bọ́ lọ́wọ́ mi, Síkírá á fò dìde. Bí fìríìjì bá kùn, á yíjú. Mo ń wò ó, mo ń sọ nínú ara mi pé ìbọn wo lèyí fẹ́ gbé.

Ife omi

Mo rò pé ibi tí wọ́n ti ń ta ìbọn yóò ṣókùnkùn, tí ọlọ́pàá á dúró sẹ́nu ọ̀nà. Irọ́ ni. Ṣọ́ọ̀bù ńlá ni, iná tàn yòò. Ní apá ọ̀tún, ìwọ̀ ẹja àti bàtà òjò. Ní apá òsì, ẹ̀pà àti súìtì. Ní àárín, ìbọn: àwọn gígùn fẹ̀yìn ti ògiri, àwọn ìbọn ìléwọ́ wà lábẹ́ gíláàsì, bí ẹni ń ta aago ọwọ́.

Bàbá kan tí irunmú rẹ̀ funfun ló dìde kí wa. Ó yọ fìlà. Ó pe èmi ní "máàmù", ó pe Síkírá náà ní "máàmù". Mo ní ta wá ni ọmọ nínú wa báyìí? Inú imú ni wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì wọn lọ́hùn-ún, nítorí náà ni Síkírá ṣe ń tún un sọ fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi jẹun ní Àbẹ̀rẹ̀.

Ó béèrè ohun tí Síkírá fẹ́ fi ṣe. Síkírá ní òun fẹ́ èyí tí yóò wà nílé, tí òun á sì lè máa fi dánra wò ní Sátidé. Bàbá náà kò sáré fa nǹkan kan yọ. Ó ní kí Síkírá na ọwọ́, ó wo bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Inú bí mi díẹ̀, nítorí pé mo ti fẹ́ kó jẹ́ aláìmọ̀kan, kí n lè rí nǹkan sọ. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Síkírá ti fojú sí kékeré kan tó lè wọ pọ́ọ̀sì. Bàbá náà mi orí, ó ní àwọn kékeré yẹn ló máa ń tapá jù.

"Bẹ́ẹ̀ ni!" mo pariwo ní Yorùbá. Baba mi máa ń sọ pé ìbọn tí kò bá wúwo, èjìká ẹni tó ni ín ló ń yìn.

Ó to ọta kalẹ̀ sórí aṣọ kan, láti orí èyí tó kéré jù. Nọ́ńbà ni wọ́n ń pè wọ́n, nọ́ńbà ọ̀hún sì ni bí ọta ṣe sanra tó. Ti méjìlélógún kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Ó ní òun ló dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, kì í tapá, kì í pariwo jù, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kéré fún ẹni tó fẹ́ dá olè dúró. Ti márùndínláàádọ́ta tó orí ìka mi, ó ní ọwọ́ tó le ló ń gbé e. Ti mílímítà mẹ́sàn-án wà láàárín. Òun lọ̀pọ̀ èèyàn ń mú lọ, nítorí pé agbára rẹ̀ tó, kì í tapá kọjá ààlà, ọta rẹ̀ kò sì wọ́n fún ẹni tó bá fẹ́ máa dánra wò. Ó tún fi ọ̀kan tí ikùn rẹ̀ ń yí hàn wá, ọta mẹ́fà ló ń gbà. Ó ní kì í dáṣẹ́ sílẹ̀, àmọ́ Síkírá fa ibi tí ìka ń fà, ó le, ó ní ká gbé e padà.

Mo ní kí Síkírá bá mi bi í: ọta yìí, bí kò bá ba olè, níbo ló ń lọ?

Bàbá náà wá fi ìka kan ògiri. Ó ní ògiri ilé wọn kì í ṣe búlọ́ọ̀kù, pákó àti páálí ni, ọta á gba ibẹ̀ bọ́ sí yàrá kejì, nígbà míì á bọ́ sí ilé kejì. Ó ní ọta kan wà tí orí rẹ̀ ní ihò, tó máa ń là bó bá wọ nǹkan, kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ jìnnà, síbẹ̀ kò sí èyí tí èèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà nípa rẹ̀. "Máàmù," ó ní, "ohun tí ẹ kò bá rí kedere, ẹ má yìn ín."

Ó gbé oní-mẹ́sàn-án lé mi lọ́wọ́. Mo dojú ẹnu rẹ̀ kọ ilẹ̀, mo ní kó bá mi ṣí i, mo yẹ inú rẹ̀ wò bóyá nǹkan wà níbẹ̀, kí n tó gbé e sókè. Bàbá náà bi Síkírá bóyá sójà ni mí. Síkírá ní ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn, mi ò ní parọ́.

Mo wá ní kí wọ́n bá mi wá ife omi kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Baba mi kì í ta ìbọn fún ọdẹ tí kò bá tí ì gbé omi. Á ní kí ọkùnrin náà na apá, á gbé igbá kékeré tí omi kún inú rẹ̀ lé e lẹ́yìn ọwọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Á bú ajá rẹ̀, á bú ẹsẹ̀ rẹ̀, á bú ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Bí omi bá dà, ó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ nìyẹn. Ìbínú ló ń wá nínú ọwọ́ wọn. Nínú ọwọ́ Síkírá, ẹ̀rù ni mo fẹ́ wá.

Síkírá ti gbọ́ ìtàn náà láti kékeré. Ó rẹ́rìn-ín, ó na apá. Mo gbé ife lé e, mo lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀. Mo dákẹ́ títí ó fi rò pé mo ti gbàgbé. Mo wá pàtẹ́wọ́ kan, gbàà!

Ife fò. Omi da sórí gíláàsì, ó da sára bàbá oníbọn. Síkírá kígbe "Màmi!", omijé ti lé sójú rẹ̀. Inú mi dùn pé mo borí. Ojú sì tì mí pé inú mi dùn.

Bàbá náà nu irunmú rẹ̀. Ó ní kí n ṣe é fún òun náà. Ó na apá gbọọrọ, èmi náà ò ṣojúsàájú, mo tún pàtẹ́wọ́. Tirẹ̀ náà dà! Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín títí. Ó ní òun kò ní ta nǹkan kan fún Síkírá lọ́jọ́ yẹn. Ibi ìdánrawò wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń yáni ní ìbọn níbẹ̀, kó máa wá, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ èyí tó bá a mu.

Àwọn Sátidé wa

Wọ́n gbé ìbòtí ńlá tó ń dí ariwo ìbọn lé mi lórí gèlè. Mo jókòó lẹ́yìn gíláàsì bí ìyá ìyàwó. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ìwà àwọn èèyàn ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀yìn ẹlòmíì kọjá á tọrọ gáfárà. Kò sí ẹni tó ń ṣe fàájì pẹ̀lú ìbọn, kò sí ẹni tó ń yọ ṣùtì sí ẹni tí ọta rẹ̀ kò ba bébà tí wọ́n ń yìnbọn sí. Àgbẹ̀ kan tó mú ìyàwó rẹ̀ wá bi mí níbo ni mo ti wá. Mo ní Nàìjíríà. Ó ní ṣé kìnnìún wà níbẹ̀? Mo ní mi ò rí kìnnìún rí, àfi ọ̀gá mi kan ní Àbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Síkírá túmọ̀ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n gbé jáàmù tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe wá fún mi. Ó dùn, kí lẹ tún rò?

Òórùn ẹ̀tù bá mi níbi tí mo jókòó sí, ó sì ṣe mí bákan. Mo rí baba mi tó bẹ̀rẹ̀ sídìí iná, mo rí apá rẹ̀. Ó ti lé lógójì ọdún tó ti kú, àmọ́ mo sunkún díẹ̀ lábẹ́ ìbòtí yẹn.

Oní-méjìlélógún ni bàbá oníbọn fi bẹ̀rẹ̀ fún Síkírá. Ohun kan ṣoṣo ló ń pariwo ní gbogbo ìgbà: kí ìka wà níta, kó má kan ibi tí a ń fà títí ojú á fi dá ohun tó fẹ́ yìn mọ̀. Ní Sátidé kìíní, Síkírá ń dijú kó tó yìn ín. Ní ìkejì, ó la ojú. Ní ìkẹta, ó bọ́ sí oní-mẹ́sàn-án, ọ̀kan tó wúwo díẹ̀, tó kún ọwọ́ rẹ̀, gbogbo ọta rẹ̀ sì bọ́ sí ojú kan lórí bébà. Mo rí i tó ń mí, èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí èjìká ọmọ yẹn wálẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kẹrin, nínú kíṣìnnì, ó bu omi sínú ife fúnra rẹ̀, ó gbé e lé ẹ̀yìn ọwọ́, ó na apá sí mi. "Ó yá, Màmi."

Mo pàtẹ́wọ́. Mo ju ìdérí ìkòkò sílẹ̀. Mo tilẹ̀ bú u, mo bú irun orí rẹ̀, mo bú àwọn ọkùnrin tó kọ̀ tí kò fẹ́. Omi ò mì.

"Ẹ ti rí i?"

"Mo ti rí i."

Baba mi ì bá tà á fún un. Ó ní ó di Sátidé tó ń bọ̀, òun á ra oní-mẹ́sàn-án yẹn, inú dúrọ́ọ̀ ìgbèrí òun ni yóò wà, ọta á sì wà nínú rẹ̀. Mo ní kó ra àpótí onírin tí wọ́n fi ń tì í. Ó ní, "Màmi, kí olè tó dúró dè mí kí n wá kọ́kọ́rọ́, ó ti pa mí. Ìbọn tí kò lọ́ta, òkúta ni." Ó bẹ̀ mí pé kí n ṣàdúrà sí i kí n tó padà sílé. Mo ní mo gbọ́. Mi ò sùn dáadáa ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Àkàrà Jímọ̀

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Síkírá ti lọ síbi iṣẹ́, mo dín àkàrà sàráà fún baba rẹ̀. Mo ń tọrọ pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ Sátidé. Nígbà tó gbóná rekete nínú àwo, mo wò yíká. Sàráà tí a dá jẹ, sàráà wo nìyẹn? Ojú mi bọ́ sí ilé ìyá òyìnbó.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nílé wa, iwájú ilé, ti àlejò ni. Ẹ̀yìnkùlé ni aládùúgbò ń gbà. Ọgbà onípákó ló wà láàárín wa, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní ju ìkọ́ kan lọ. Mo ṣí i. Mo gbé àwo àkàrà dání, mo ń lọ, mo ń pariwo bó ti yẹ kí ọmọlúwàbí ṣe: "Àgò o! Ẹ kú ilé o! Onílé ńkọ́?"

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Ìyá náà jáde, aṣọ ilé ló wọ̀, irun rẹ̀ funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi tèmi. Ìbọn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oní-mẹ́sàn-án ni. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, irú èyí tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni. Ẹnu rẹ̀ dojú kọ mí láyà, ìka rẹ̀ sì wà níbi tí a ti ń fà á.

Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo mọ̀ sá kúrò lẹ́nu mi. "Àkàrà ni o!" mo ké. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, àkàrà ni!"

Ó ń sọ nǹkan, mi ò gbọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo na àwo sí i, àkàrà kan yí kúrò lórí rẹ̀, ó bọ́ sórí koríko. Ìyá náà wò ó. Èmi náà wò ó. Bó ṣe ń wo àkàrà ni ẹnu ìbọn tẹ̀ lé ojú rẹ̀ lọ sílẹ̀, àkàrà yẹn ló gbà mí.

Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó gbé ìbọn sí ẹ̀gbẹ́, ó bú sẹ́kún. Èmi náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bìsìmílàhì ni mò ń wí lẹ́nu, àìmọye ìgbà. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì padà wá, mo ní èmi ni ìyá nọ́ọ̀sì ilé kejì.

"Nọ́ọ̀sì ni?" ó ní. Ọdún mẹ́ta, kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní gbogbo ohun tí òun mọ̀ ni pé ọmọbìnrin kan ń gbé ibẹ̀ tí kì í kí èèyàn. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti rí ọlọ́pàá nílé wa, tí òun gbọ́ pé olè wá, oorun ti kọ̀ òun. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni òun ra ìbọn. Kò tí ì yìn ín rí. Ẹni tó tà á fún un ló ki ọta sínú rẹ̀.

Dọ́rìsì lorúkọ rẹ̀. Ó jẹ àkàrà mẹ́ta, omijé ṣì wà lójú rẹ̀, ó bi mí bóyá ata ló wà nínú rẹ̀. Mo ní ata ni. Ó mu omi púpọ̀.

Ẹni tí ìbọn ń dè

Mo rò ó bóyá kí n fi pamọ́ fún Síkírá. Mo mọ̀ pé bó bá gbọ́, á lè ní, ẹ ò rí i, gbogbo wọn ló ní in, èmi nìkan ni mi ò ní. Àmọ́ bó bá di ọjọ́ kan tí òun náà gba ọgbà yẹn kọjá ńkọ́? Nígbà tó dé ní ìrọ̀lẹ́, mo jẹ́ kó jẹun tán, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó ti àwo sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ìka wọn, Màmi, ṣé ó wà níta?"

"Ó wà nínú."

Ó bo ojú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ga.

"Lánàá, mò ń wẹ̀. Ẹ lọ sẹ́yìn lọ sá aṣọ, ẹ gba ẹ̀yìn wọlé, ẹ wá ṣí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́ mi lórí, ẹ ní ibo ni iyọ̀ wà. Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ yín rárá."

"Mo ti bẹ̀ ọ́ nípa ìyẹn."

"Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, Màmi. Olè tó wá, mi ò sí nílé. Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbé ilé yìí, ẹnì kan ṣoṣo tó wọlé bá mi láì kan ilẹ̀kùn, ẹ̀yin ni. Bí mo bá ra nǹkan yìí sí ìgbèrí mi, ẹ̀yin ni mò ń rà á dè."

Mo fẹ́ fi ṣàwàdà, bí ìṣe mi. Dípò bẹ́ẹ̀, mo dìde, mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo gbá a mọ́ra, a sì sunkún níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Ó ní òun á máa lọ yìn ín níbi ìdánrawò ní gbogbo Sátidé, nítorí pé ó ń tu òun lára, àmọ́ ibẹ̀ ni ìbọn yóò máa sùn, kò ní wọ ilé. Ó ní ẹ̀rù ṣì ń ba òun. Mo ní mo mọ̀.

Ní Sátidé, a ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá oníbọn. Síkírá fẹ́ lọ kọ́ Dọ́rìsì ní ibi tó yẹ kí ìka máa wà. A dín àkàrà tí kò lata. A gba iwájú ilé lọ, a kan ilẹ̀kùn, èmi àti ọmọ mi sì dúró síta nínú oòrùn, a ò mira, títí onílé fi ní ká wọlé.